Ìṣẹ́jú Mẹ́tàlélógójì ní Pànṣẹ́kẹ́

Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ ààbọ̀ ni Lúkúmánù pe láàpútọ́ọ̀pù náà,
ó ń fi aṣọ nù ún bí ẹni nu ojú ọmọ.
"Ìyá Ìbídùnní, Tòkunbọ̀ ni, kò tí ì jìyà Nàìjíríà rí."
Mo ní, "Tòkunbọ̀ tí a mọ̀ ládùúgbò wa,
ìyá rẹ̀ lè sọ ọjọ́ tó gbé e bọ̀.
Ta ni ìyá èyí?"
Ó rẹ́rìn-ín. Kò dáhùn.

Aṣọ ni mo mọ̀, èmi ò mọ ẹ̀rọ.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń fẹsẹ̀ wa máṣíìnì l'Ádátán,
mo ti tú òkìríkà, mo tún un rán, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò fura.
Mo mọ̀ pé ojú aṣọ a máa purọ́,
ẹ̀yìn aṣọ ni kì í mọ irọ́ pa.
Mo bá dojú ẹ̀rọ náà dé.
Nọ́ọ̀tì mẹ́jọ ló yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ka méje.
Ibi tó ti ń ṣí ń dún kẹ̀ẹ́
bí ilẹ̀kùn ilé bàbá mi n'Íkìjà.
Lẹ́tà A ti pá. Lẹ́tà E ti pá.
Ẹnìkan ti kọ̀wé púpọ̀ lórí rẹ̀:
ṣé ìwé ìfẹ́ ni, àbí ìwé gbèsè?
Wọ́n lẹ àwòrán kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi èékánná ha á,
ó ku ìdajì ẹyẹ: ìyẹ́ kan, ojú kan.

Mo ní ọ̀kẹ́ márùn-ún.
Ó ní òun gan-an ò rà á bẹ́ẹ̀.
Gbogbo ọlọ́jà ní í wí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń wí i
fún àwọn tó ń ná bùbá lọ́wọ́ mi.

Ibẹ̀ la wà tí iná lọ.
Gbogbo ojú tó ń tàn lórí pẹpẹ di dúdú lẹ́ẹ̀kan náà,
àfi ọ̀kan yìí.
Lúkúmánù dìde, ó fẹ́ lọ fa jẹnẹrétọ̀.
Mo ní, "Jókòó.
Jẹ́ ká wò ó bó ṣe mọ̀ ọ́n dá dúró."

A jókòó sínú ooru Abẹ́òkúta,
èyí tí àpáta mu lọ́sàn-án tó ń pọ̀ jáde lálẹ́.
Lóde, awakọ̀ kan ń ké "Lafẹ́nwá! Lafẹ́nwá!", ohùn rẹ̀ ti há.
Ó ní onílé ti tún fowó kún owó ṣọ́ọ̀bù.
Mo ní Ìbídùnní wà ní Alábàtà, ó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti ọ̀gbìn,
fóònù ló fi ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀,
àtàǹpàkò rẹ̀ ti le bíi tèmi tó ń ti abẹ́rẹ́.
Ẹnu a máa fúyẹ́ nínú òkùnkùn.
"Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni mo rà á," ó wí, kò wojú mi.
"Bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ. Mo mọ̀."

Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó sùn.

Mo wá ń gé e bí ẹni gé aṣọ:
bátìrì tuntun, ọ̀kẹ́ kan, mo gé e kúrò.
Ibi tó ń dún kẹ̀ẹ́, ààbọ̀ ọ̀kẹ́, mo gé e kúrò.
Ó ku méje.
Ọ̀kan tó fi lé owó tó rà á, ti onílé ni, ti epo jẹnẹrétọ̀,
ti irọ́ tó kọ́kọ́ pa tó sì padà jẹ́wọ́.
Ìdajì ẹyẹ ńkọ́? Ọwọ́ tó nu lẹ́tà títí ó fi pá ńkọ́?
N ò mọ iye tí wọ́n ń ta ìyẹn.
N ò fi kún un, n ò yọ ọ́.

"Méje," mo wí.
Ó dákẹ́ títí mo fi gbọ́ ohùn ẹ̀fọn.
"Ẹ óò bá mi rán ṣòkòtò kan lé e."
"Mú aṣọ rẹ wá. Òwú nìkan lo máa rà."

Ọmọ mi ò tilẹ̀ bọ́ bàtà kó tó ṣí i.
Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ̀.
Kò sí A, kò sí E nínú Ìbídùnní,
gbogbo lẹ́tà tó fọwọ́ bà ló hàn ketekete.
Ó ní, "Màámi, tuntun ni!"
N ò já a nírọ́.