Orúkọ Keje

Ọyẹ́ ti fi ẹfun kun gíláàsì fèrèsé mi ní Samarú.
Aago mẹ́rin ìdájí. Mẹ́gàdí ń wúkọ́ lẹ́nu géètì,
jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti dákẹ́,
bátìrì kọ̀ǹpútà mi ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá,
mo ṣì ń ka kọ́mà.

Iṣẹ́ ti parí o. Ọdún mẹ́ta la fi fa omi
nínú kànga méjìlélógójì, láti Gíwá dé Mákárfí,
títí a fi mọ èyí tó ń ba eyín ọmọdé jẹ́.
Jọ́nà ní àpilẹ̀kọ náà dára,
pé ìtọ́kasí ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò wọṣọ tó yẹ.
Ẹ fi orúkọ bàbá ṣáájú. Ẹ gé tara ẹni kù sí lẹ́tà kan.
Ẹ fi ọdún sínú àkámọ́. Orúkọ jọ́nà, ẹ jẹ́ kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Ojú ìwé 211 sí 19: ẹ kọ ọ́ tán, ẹ má ṣe jẹ nọ́ńbà lẹ́nu.
Ẹ fi àmì ìdánudúró parí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo gbọ́ràn.
Mo bá ara mi pàdé ní nọ́ńbà kẹsàn-án: Ọdẹ́wálé, A.
A!
Ẹ̀bá ojú irin ní Jẹ́bà ni ìyá mi bí mi sí,
nígbà tó ń tẹ̀lé bàbá mi bọ̀ ní Òkè Ọya,
wọ́n bá sọ mí ní Abíọ́nà.
Jọ́nà gé ọ̀nà kúrò. Ọdẹ wálé,
ẹnìkan ò mọ ibi tó gbà dé.

Tanimu Shika ńkọ́? Ìlú rẹ̀ ni Shika, kì í ṣe bàbá rẹ̀.
Mo kọ Shika, T.,
bí ẹni gbé odindi ìlú jókòó sórí àpótí kan.

Ó di nọ́ńbà kẹtàdínlógún,
ìwé wa àkọ́kọ́, tọdún tí òjò gbé afárá lọ.
Ẹni méje la kọ ọ́.
Òfin ní: bí orúkọ bá ju mẹ́fà lọ,
ẹ dúró níbi kẹfà, kí ẹ kọ "àti àwọn mìíràn".
Keje ni Kande.

Kande: orúkọ tí Hausa ń sọ ọmọbìnrin
tó tẹ̀lé àwọn ọkùnrin wá sáyé.
Ọkùnrin mẹ́fà ló ṣáájú rẹ̀ nínú ìwé náà pẹ̀lú.
Kande tó ń fi ìró garawa mọ bí omi ṣe jìn tó,
tó ń kí ìyá ilé kọ̀ọ̀kan lórúkọ
kí wọ́n tó jẹ́ ká fọwọ́ kan ìdérí kànga.
Òun ló kọ́kọ́ wí pé, ẹ wo eyín àwọn ọmọ ibí yìí.
Ohun tí mo wá ń pè ní àbájáde,
ẹnu rẹ̀ ló ti jáde.
Ibà mú un lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan.
Ìgò mọ́kànlá tó fọwọ́ kọ déètì sí lára
ṣì wà nínú fìríìjì lábù. Kò sẹ́ni tó jẹ́ dà á nù.

Ìyá mi kò mọ̀wé.
Ṣùgbọ́n kò pa òwe rí níwájú àgbà kó má tọrọ gáfárà,
tótó ó ṣe bí òwe;
bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkan, á ní:
bí Láfẹ́ alágbẹ̀dẹ ṣe wí lọ́jọ́ tí irin rẹ̀ dá.
Láfẹ́ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Mo mọ̀ ọ́n.
N kò gbọ́ kó pe ẹnikẹ́ni ní "àwọn mìíràn".

Mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ti wí. Mo wò ó. Mo pa á rẹ́.
Olóòtú ní ọ̀bẹ,
ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ gé e.
Ládàánì ti ń pe ìrun Àsùbáà, bátìrì ti ń pọ́n ojú,
mo ka orúkọ mẹ́fà, mo fi kọ́mà sí i, mo kọ ọ́ ní kíkún:

Auta, Kande