Làpálàpá Òkúta

Wọ́n ní aṣálẹ̀ ni Dungeness.
Mo rẹ́rìn-ín sínú.
Ẹni tó bá ṣe àgùnbánirọ̀ ní Nguru,
tí iyanrìn bá a jẹun àárọ̀, tó tún bá a jẹ talẹ́,
kì í pe ibi tí òjò ti ń na fèrèsé ní aṣálẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó dáadáa:
ọta, ọta, ọta títí dé ẹnu òkun,
erùpẹ̀ tó lè kún ìkeémù kan ò sí níbẹ̀.
Ọkọ̀ apẹja kan dojú bolẹ̀, ó ń jẹrà lọ́wọ̀ọ̀wọ́.
Ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná dúró lókèèrè
bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò fún ní àga.

Ìyá Tapsell ni mo ń tọ́jú,
ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.
Mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, mo ń ka oògùn sí i lọ́wọ́.
Lọ́jọ́ náà ó ní kí n ti kẹ̀kẹ́ òun
dé ibi tí pákó ojú ọ̀nà parí sí.
"Kúnlẹ̀, Mora."
(Mọradéún ni mí. Bó ṣe ń gé e nìyẹn.)
Mo rò pé òrùka ló já bọ́.
Ó na ọ̀pá sí òkúta kan tó tó ìkúùkù ọmọdé.
"Wò ó."

Làpálàpá ni mo rí,
irú èyí tó gba gbogbo orí Àkànmú àbúrò mi
nígbà tó wà ní pírámárì kejì,
tí màmá wa fi ewé asùnwọ̀n pa á títí ewé fi tán lẹ́yìnkùlé:
roboto, etí rẹ̀ funfun,
àárín rẹ̀ bí eérú tí wọ́n da omi ẹ̀fọ́ sí.

"Kì í ṣe àrùn," ó ní. "Ìgbéyàwó ni."
Olú ló kọ́lé, ṣùgbọ́n olú ò mọ oúnjẹ í sè.
Ọmọ ewé omi, irú èyí tó máa ń yọ̀ lára àmù,
òun ló wà ní yàrá, tó ń fi oòrùn dáná.
Ilé wọn ò ní ìpìlẹ̀, kò ní gbòǹgbò.
Ìrì ni ọbẹ̀ wọn. Kùrukùru òkun lomi mímu.
Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, wọn a gbẹ, wọn a sùn bí òkú,
bí òjò bá kán ẹ̀kán kan péré, wọn a jí,
wọn a bá iṣẹ́ wọn lọ
láì béèrè ọjọ́ tí a wà.
Èéfín ni wọn ò lè fara dà.
Èéfín, àti bàtà.

Láti ọdún tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń wọ̀n ọ́n,
pẹ̀lú rúlà onírin àti ìwé kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya.
Ọdún mọ́kànlélógún.
Gbogbo ohun tó fi fẹ̀ sí i
kò ju ìbú èékánná àtàǹpàkò mi lọ.

Ọdún mẹ́rin àti oṣù méje ni mo ti lò nílẹ̀ yìí.
Kò sẹ́ni tó pè mí láti Ìkìrun tí kì í bi mí:
"O ò tíì ra ilé?
Ọmọ Alhaji Ṣittu tó dé lẹ́yìn rẹ ti ra mọ́tò méjì."
Kí ni kí n wí?
Pé mo ti fẹ̀ ní ìbú ẹyọ ìrẹsì kan?

Mo gbé rúlà lé e. Atẹ́gùn ń gbọn ọwọ́ mi.
"Mélòó?"
Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì.
"Bákan náà ni, Ìyá. Ibi tó wà léṣìí ló ṣì wà."
Ó rẹ́rìn-ín, eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́.
"Ó ṣì wà. Kọ ìyẹn sílẹ̀."

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, n ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi ṣe é.
Ó bojú wo ìwé náà, kò bi mí ní nǹkan kan.

Nígbà tí mo dìde,
àmì ọta wà lórúnkún mi méjèèjì,
roboto, roboto.
N ò tètè gbọ̀n wọ́n nù.