Olùránnilétí

Ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Coventry,
níbi tí ẹ̀rọ amúlégbóná ti ń wúkọ́ bí arúgbó,
èmi ni mo jókòó sẹ́yìn aṣọ dúdú,
ìwé eré lórí orúnkún, iná kékeré lọ́wọ́.
Iṣẹ́ mi kò ju pé kí n dákẹ́ lọ
títí ẹnìkan yóò fi gbàgbé.

Àwọn ará Ireland ló ni eré náà,
àwọn tó wá kọ́lé fún ẹlòmíràn
tí wọ́n sì darúgbó sínú ìlú tí wọ́n kọ́.
Eré ọ̀hún kò gùn. Ọmọkùnrin kan padà sílé lẹ́yìn ogún ọdún;
ìyá rẹ̀ ń bó ọ̀dùnkún, kò gbójú sókè.

Malachy Durkan ni ọmọ náà,
bíríkìlà tó ti fẹ̀yìntì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Ó mọ gbólóhùn tirẹ̀, ó mọ ti ìyá,
ó mọ ti ajá tí kò sọ̀rọ̀.
Ṣùgbọ́n bó bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn páálí yẹn,
tó ku ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré,
ẹnu rẹ̀ á gbẹ.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ojú ibì kan náà.
Èmi ni mo ń sọ ọ́ sí i létí láti inú òkùnkùn:
Màmá, mo dé.

Dókítà Garside máa ń wá lọ́jọ́bọ̀, á mu tíì láìsí ṣúgà,
obìnrin tó fi ogójì ọdún gbọ́ àlá àlá ẹni ẹlẹ́ni.
Ó ní ìgbàgbé kì í ṣe ihò inú àpò
tí nǹkan ń gbà já bọ́;
ọwọ́ kan ló ń dì í mú lábẹ́ tábìlì.
Ó ní ẹ wo eré wọn, ẹ wo ìtàn wọn:
iná ààrò kan, ìyá tí kò wòkè,
baba tó ti kú tí àga rẹ̀ ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́,
ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò lọ.
Wọ́n á sọ ti òjò, wọ́n á sọ ti iye owó màlúù,
kí wọ́n má baà sọ ti ọmọ tí wọ́n gbé fún àwọn Sísítà lóru.
Malachy rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ọjọ́ orí ni. Orí ló ń jò."

Mo bá a rẹ́rìn-ín.
Lédè tiwa, a kì í kàn rántí:
a ń rán nǹkan sí etí.
Ta wá ló ń rán an?
Ta ló kọ̀ tí kò jẹ́ iṣẹ́ náà?

Nínú oṣù Kejì, wọ́n sin ìyá mi ní Òkè-Igbó.
Orí fóònù ni mo ti wò ó,
nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Àwòrán dúró:
pósí kò sókè, kò sílẹ̀.
Mo fọ ọwọ́ mi. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́.
Kò sẹ́ni tí mo sọ fún ní gbọ̀ngàn yìí.

Alẹ́ eré. Àga kún. Aṣọ ṣí.
Malachy fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó dúró.
Mo la ẹnu.
Ọ̀rọ̀ náà wà níwájú mi, mo ti fi bírò pupa fàlà sí i nídìí.
Màmá...
N kò rí ìyókù.
Iná ń gbọ̀n lórí ìwé.
Ó wo ìhà ọ̀dọ̀ mi, èmi náà wò ó,
òun lẹ́nu ọ̀nà ilé páálí, èmi lẹ́yìn aṣọ,
ìyá kan láàárín wa
tó ń bó ọ̀dùnkún kan ṣoṣo, tí èèpo rẹ̀ kò tán.

Ẹnìkan wúkọ́ ní ìlà kẹta.
Malachy bá tẹrí ba, bí ẹni tí àtẹ́rígbà fẹ́ gbá,
ó sọ ohun tí kò sí nínú ìwé:
"Ilẹ̀kùn yìí kò kéré báyìí nígbà tí mo lọ."

Ìwé ní kí ìyá má wòkè.
Ó wòkè.
Mo pa iná ọwọ́ mi.