Kì Í Ṣe Pé N Ò Fẹ́ Ọ

Abẹ́ ọkọ̀ Tìámíyù tó dojú dé ilẹ̀ ni mo ti bá ọ,
ní Marínà, ní Ẹ̀pẹ́, lọ́jọ́ kejì òjò tí kò dá.
Àwọ̀n ni mo wá mú. Ìwọ ni mo rí,
funfun tó ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀,
ojú kan là, ipin ti lẹ èkejì pa,
ìrù rẹ ti gé kù bí àtàǹpàkò.
O ò ké. Ẹnu lo là, ohùn kò jáde.

Mo ju orí epìyà kan sí ọ.
O jẹ ẹ́ tegungun-tegungun,
o tún wò mí bí ẹni tó wá sin gbèsè.

Lọ́jọ́ kejì mo padà, mo ní àwọ̀n ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.
Lọ́jọ́ kẹta n ò tiẹ̀ parọ́ mọ́.

Tìámíyù dá òòlù dúró, ó ní,
"Bàbá Aláwọ̀n, ẹ mú un lọ sílé, ó ti mọ̀ yín."
Ẹnu dùn ún ròfọ́.
Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní,
Sùwébátù, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi sùn níbẹ̀,
èyí tí àyà rẹ̀ máa ń súfèé bí eruku bá sọ,
tí mo ti gbé sáré lọ sí ọsibítù lóru, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún yìí.
Dókítà ní irun ẹranko ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.
Ìrọ̀rí olówùú pàápàá, a ti gbé e síta.
Onílé ní tiẹ̀ kò tiẹ̀ dé ọ̀rọ̀ àyà:
ológbò, lójú tiẹ̀, èèyàn ló gbé awọ wọ̀.
Mo wo ojú rẹ kan tó là, mo wo egungun ìhà rẹ,
mo ní bó bá jẹ́ àjẹ́ ni ìwọ,
a jẹ́ pé iṣẹ́ náà ò sanwó.

Mo gbé ọ sínú apẹ̀rẹ̀ ẹja, mo fi àwọ̀n tó ya dé e lórí.
Orí ọ̀kadà ni ohùn rẹ ti là!
O ṣépè fún mi láti Marínà dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko,
ọlọ́kadà ní, "Bàbá, ọmọ ta lẹ jí gbé?"
Wọ́n fọ ojú rẹ, wọ́n gún ọ lábẹ́rẹ́.
Owó àtúnṣe àwọ̀n méjì ló bá a lọ.
N ò kà á sí ọ lọ́rùn. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Mo wá gbé ọ kiri bí ọjà tí kò tà.
Alágbẹ̀dẹ ní òun ní ajá.
Olùkọ́ kéú ní òròmọdìyẹ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.
Obìnrin kan rọra bi mí bóyá o máa tó kú,
pé òun nílò orí rẹ fún nǹkan kan.
Mo fa apẹ̀rẹ̀ mọ́ra, mo kọjá, n ò kí i pé ó dàbọ̀.

Àfi Kúdírátù onírẹsì ní Àyétòrò,
tí eku ti gé àpò mẹ́rin fún láàárín oṣù kan.
Kò rẹ́rìn-ín, kò bi mí ní ìtàn,
ó kàn nawọ́ sí igun ṣọ́ọ̀bù:
"Ẹ gbé e síbẹ̀. Kí ló ń jẹ?"
Mo ní, "Orí epìyà." Ohùn mi ò jáde dáadáa.

Mo tú àwọ̀n. O jáde, o gbóòórùn ilẹ̀,
o wọ ẹ̀yìn àpò lọ, o ò bojú wẹ̀yìn.
Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí.
Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ kó rí.

Mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wọlé, mo pààrọ̀ ẹ̀wù, mo gbọn fìlà.
Síbẹ̀, Sùwébátù fa irun funfun kan yọ létí mi,
ó gbé e sókè síná:
"Bàbá àgbà, ta ló ni èyí?"
Mo ní, "Ará Àyétòrò kan ni."
Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fẹ́ ẹ gba ojú fèrèsé jáde.

Àyà rẹ̀ kò súfèé lóru náà.
Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́,
mo ń gbọ́ bí kò ṣe súfèé.