Tàdáwà Wà Nínú Rẹ̀

Ní Bíldudalur, létí òkun dúdú,
níbi tí oòrùn ti ń fi òkè bojú ní oṣù kìíní,
Steinunn jí ní aago márùn-ún
láti tẹ ìwé ètò ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀,
Ketill apẹja.
Ogójì ẹ̀dà péré,
àwòrán ọkọ̀ rẹ̀ lókè, orin mẹ́ta nísàlẹ̀.

Ẹ̀rọ tan iná pupa.
Ó ní tàdáwà yìí kì í ṣe ọmọ bíbí inú wa.
Bẹ́ẹ̀ lánàá ó gbà á, ó mu ún bí ọmọ ọwọ́ ń mu ọmú,
ó tẹ ìwé owó iná, kò bi í ní ìran bàbá rẹ̀.
Àṣé lóru, nígbà tí ilé sùn,
ẹnì kan gba ojú afẹ́fẹ́ wọlé,
kò kanlẹ̀kùn, kò gbọn yìnyín kúrò lára bàtà,
ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀rọ létí,
ó lọ.

Ó pe ilé-iṣẹ́. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá a lóhùn,
lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ọmọkùnrin olóhùn tútù kan:
"Ààbò yín ni, Mà. Bí ẹ bá ń san owó oṣooṣù..."
"Ọmọ mi, òkú ni mo fẹ́ sin."
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ ṣì lè ra ojúlówó."
Reykjavík ni ojúlówó wà.
Yìnyín ti dí ọ̀nà orí òkè láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Èmi tí mo yá yàrá òkè lọ́wọ́ rẹ̀,
tí mo ń gé ẹja ní èbúté,
mo di ife kọfí mú, mo ń rò ó:
ta ní ń ta ẹṣin tí í di ìjánu mú?
A sanwó tán, a ò tíì rà á.
Bí mo bá ra ọ̀bẹ, ṣé alágbẹ̀dẹ á máa yọ́ wọlé láàjìn
wá yẹ ẹja tí mo gé wò?

Steinunn fa okùn iná yọ.
Ó mú kálàmù.
Ásdís, ọmọ ilé kejì, gbé pẹ́ńsù aláwọ̀ dé,
ó ya ọkọ̀ ogójì, kò sí méjì tó jọra;
ọ̀kan tiẹ̀ ní ìyẹ́.
Nígbà tó kan orin kẹta, ọwọ́ ti ro ìyá náà,
ìlà méjì péré ló kọ,
òun náà la kọ lákọtúnkọ títí wọ́n fi gbé pósí jáde.

Kátíríìjì yẹn ṣì wà lórí wíńdò.
Nígbà míì mo máa ń mì í létí mi.
Ó ń dún.