Ikọ́ Inú Àwo

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, n'Ìta-Èkó,
nígbà tí òòrùn bá ti kúrò lórí páànù tó ti dípẹtà,
Ṣóbándé á gbé tábìlì síta.
Ọdún mọ́kànlélógún ló fi bá wa sọ̀rọ̀ lórí rédíò.
Ohùn rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé agogo mẹ́fà ti lù,
ohùn rẹ̀ ni ìyá mi fi ń gbé omi kaná.
Wọ́n ní kó lọ sinmi. Ó gba ìwé, ó gba aago ògiri kan,
kò sinmi.

Èmi ni mo ń ru bẹ́ǹṣì wá láti ṣọ́ọ̀bù mi.
Télọ̀ ni mí, mo mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́,
àmọ́ tèmi ń rán nǹkan pọ̀ ni,
abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ń tú ohun tó ti wà ní rírán.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́," ló máa ń kọ́kọ́ wí. "Ẹ má jó.
Ẹni tó bá fẹ́ jó, ojúde wà ní Sápọ̀n.
Etí ni mo ní kẹ́ ẹ gbé wá."
Á wá pìtàn àwo kó tó gbé e lé ẹ̀rọ:
yàrá tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀,
bí wọ́n ṣe fi ẹní mẹ́ta bo fèrèsé nítorí ariwo reluwé Láfẹ́nwá,
bí onígìtá ṣe yá okùn kan lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a ṣọ̀tá.
Àwọn ọmọ tó fi okùn fóònù dí etí á yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀,
bí ìgbín tó ń yọjú nínú ìkarahun.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí, àwo Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ Ìbarà ló gbé lé e.
Kòkòrò ti jẹ etí páálí rẹ̀. Ti ọ̀gá nìkan ló wà lára rẹ̀:
orúkọ ọ̀gá, fìlà ọ̀gá, eyín wúrà ọ̀gá.
Ẹsẹ̀ kejì ò tíì parí tí iná fi lọ.

Ẹ wá gbọ́ bí orin ṣe ń kú:
ohùn akọrin wọlẹ̀, ó di ti arúgbó,
ó di ti akọ màlúù, ó dákẹ́.
Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo dìde kí n lọ yá jẹnẹrétọ̀.
Ṣóbándé ní kí n jókòó.
Ó fi ìka ìfábẹ̀lá kan etí àwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí i.
Abẹ́rẹ́ nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́,
bí eku tó ń jẹ àgbàdo nínú àpò.
A sún mọ́ ọn. A tún sún mọ́ ọn.
Ogún orí lé díẹ̀ lórí tábìlì kan,
òórùn àdí, òórùn ọṣẹ ìfọṣọ,
kò sẹ́ni tó mí délẹ̀.

Ibẹ̀ la ti gbọ́ ọ, láàárín ìlà méjì:
ẹnì kan húkọ́.
Ikọ́ kékeré, ikọ́ ẹni tó ti ń pa á mọ́ra tipẹ́.

Ìyá Mopélọ́lá kò tilẹ̀ torí orin wá,
bùbá tí mo ti ń ṣèlérí fún un láti ọ̀sẹ̀ méjì ló wá gbà.
Ó ní, "Tún un yí."
Ṣóbándé tún un yí.
"Bàbá Mopélọ́lá nìyẹn. Eruku pákó ló fi ikọ́ yẹn ṣe é,
káfíńtà lọ́sàn-án, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lálẹ́.
Wẹ́n ò kọ orúkọ ẹ̀ síbì kankan.
Mo ní kó lá oyin kó tó lọ lọ́jọ́ náà. Kò lá a."

Ṣóbándé gbọ́wọ́ kúrò lára àwo.
"Mo ti lo orin yìí títí lórí rédíò," ó ní,
"ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń sọ̀rọ̀ lé,
ibẹ̀ ni mo ti ń polówó ọṣẹ."

Ó ní kí n mú ṣọ́ọ̀kì wá, kí òun kọ orúkọ náà sí páálí.
Ìyá ní ṣọ́ọ̀kì á parẹ́.
Mo bá fa òwú pupa yọ.
Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí:
ọmọ kan tan fóònù sí mi lọ́wọ́,
mo gún páálí, mo fa á, mo gún un,
SÙNMỌ́NÙ ỌLÁÌTÁN, lábẹ́ eyín wúrà.

Iná ti dé kí n tó já òwú náà. Kò sẹ́ni tó hó.
Ìyá fi àtàǹpàkò tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ títí dé ìparí,
ó wá kọjú sí mi.
"Ó dáa. Bùbá mi ńkọ́?"