Ihò Kẹrin

Irin ìtúlẹ̀ Ambrus ló kọ́kọ́ kàn án,
kàn! bí eyín tó pàdé òkúta nínú ẹ̀wà.
Ó rò pé ìdérí ìgò ni. Ó tutọ́ sí i, ó fi àtàǹpàkò nù ún,
kìnnìún kékeré kan sì yọjú.

Kìnnìún kẹ̀? Piroska rẹ́rìn-ín nínú kòtò.
Ẹni tó rọ ọ́ kò rí kìnnìún rí láyé rẹ̀:
etí ajá ló fún un, ìrù ológbò,
ó wá fi ewé àjàrà yí i ká kí ojú má baà tì í.

Idẹ ni. Ìdè ni pẹ̀lú.
Ẹgbẹ̀rin ọdún ló fi di ìbàdí tí kò sí mọ́ mú.

Awọ ìgbànú náà ṣẹ́kù díẹ̀, kò tó àtẹ́lẹwọ́;
ìpẹtà idẹ ni kò jẹ́ kó jẹrà.
Piroska ka ihò ara rẹ̀ lábẹ́ dígí:
mẹ́ta rí róbótó, iṣẹ́ ọwọ́ oníṣọ̀nà.
Ìkẹrin rí wúruwùru. Ṣóńṣó ọ̀bẹ ni wọ́n fi lu ú,
ó sì jìnnà sáwọn yòókù.

"Bóyá àìsàn ni," ni Piroska wí.

Ambrus ò fèsì. Ó rántí ọdún yìnyín,
tí bàbá rẹ̀ tẹ́ bẹ́líìtì sórí tábìlì,
tó ní kí wọ́n fún òun ní ìṣó,
tí òòlù ró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè nǹkan kan.

Nínú ìwé, Piroska kọ ọ́ pé:
*irin ìgbànú, idẹ, ó ní àwòrán kìnnìún.*